Ibi Tí Làálì Mọ

Gáà Gòggó, lẹ́bàá Dósò
Ọjọ́ kẹfà, Oṣù Kejì, 1994

Innà mi,

Ṣé ẹ jí dáadáa? Ṣé àwọn màlúù rí omi mu? Ṣé ikọ́ Bàbá ti rọlẹ̀? Ní tiwa níbí, àlàáfíà la wà. Koríko ti gbẹ, ṣùgbọ́n ara àwọn ẹran ò tíì tán.

Ẹ ní kí n kọ̀wé kí oṣù tuntun tó lé. Oṣù ti lé, ó ti ń tóbi, ẹ má bínú sí mi. Kíláàsì kẹrin tí mo kà ò jìnnà, ẹ mọ̀, àti pé bírò ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ óò rí i bí lẹ́tà yìí ṣe wọ́.

Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa ṣe Gòggó. Nígbà tí wọ́n jẹ́ ẹ̀gbọ́n Bàbá nìkan, ẹ̀yìn wọn ni mo máa ń gùn. Ní báyìí tí wọ́n di ìyá ọkọ mi, bí wọ́n bá ti húkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, mo ti ń wá igun tí mo máa fi ara mọ́. Ọmọ wọn, ẹni tí ẹ mọ̀ tí èmi ò gbọdọ̀ dárúkọ, kì í pariwo mọ́ mi. Ó máa ń fi ẹ̀pà sísun sí abẹ́ ìrọ̀rí mi, yóò wá máa bi mí bóyá eku ló gbé e wá. Ẹ má kà á síta o.

Wọ́n ń yìn mí níbí. Ní ọjọ́ tí àwọn obìnrin gáà kejì wá wo ojú ìyàwó, mo fi ọwọ́ lásán sọ ìkòkò wàrà kalẹ̀ lórí iná, wàrà náà ṣì ń hó. Àddá, ìyàwó kejì bàbá ọkọ mi, bú sí ariwo: “Ẹ wá wo ọwọ́ ọmọ yìí! Iná bẹ̀rù ẹ̀!” Gòggó kò rẹ́rìn-ín, ẹ mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní, “Inú ilé wa ló ti wá.” Wọ́n tún ní látìgbà tí wọ́n ti ń gbé ìyàwó, àwọn ò rí èyí tó ń gbé ojú sílẹ̀ bíi tèmi. Mi kì í gbé ojú sókè rárá bí mo bá ń rìn.

Innà, ẹ̀yin nìkan ni mo máa sọ èyí fún. Mi ò mọ̀ pé ìkòkò yẹn gbóná. Ìgbà tí ọwọ́ mi lé ròrò ni mo mọ̀. Ojú tí mo sì ń gbé sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń wò. Bí mi ò bá wò ó, mi ò mọ ibi tó wà. Ó dà bí ẹni pé mo ń fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ rìn.

Orí ìka ló ti bẹ̀rẹ̀, tọwọ́ tẹsẹ̀, bí ìgbà tí èèrà bá ń rìn lára èèyàn. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ wá kú. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ibi tí làálì mọ gan-an ni ó mọ, ní ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀. Ṣé ẹ fi nǹkan kan sí i, Innà? Bóyá aró tí wọ́n ń tà sínú ike yẹn? Mi ò bá yín jà o. Mo kàn ń béèrè ni.

Yàtọ̀ sí èyí, kò sí nǹkan. Inú rírun bá mí lọ́sẹ̀ tí mo dé, lẹ́yìn adìẹ tí wọ́n fi kí mi káàbọ̀. Kò tíì jinná dé eegun, ṣùgbọ́n báwo ni ìyàwó tuntun ṣe máa ní adìẹ ò jinná? Mo sá wọ igbó títí ó fi dá. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ẹ bá mi wá nǹkan tó ń fọ làálì kúrò lára, kí ẹ fi rán awakọ̀ tó ń kó màlúù.

Èmi ọmọ yín tí ń wo ilẹ̀,
Takko


Gogonù
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kejì

Takko,

Mo rí ìwé rẹ gbà. A wà, ikọ́ bàbá rẹ wà, màlúù wà. Ọ̀kan bímọ, ọmọ náà funfun láti orí dé ìrù.

Mo fi ìwé rẹ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí n má baà fi ìbínú dáhùn. Mo ti dáhùn báyìí, ìbínú náà ò sì tíì lọ.

Làálì tí mo fi ọwọ́ ara mi gún! Tí mo fi aṣọ sẹ́ lẹ́ẹ̀mejì! Mo ti fi kun ọwọ́ gbogbo ìyàwó tó jáde ní gáà yìí. Èwo nínú wọn ló padà wá sọ pé ọwọ́ òun kú? Àbúrò mi lò ó, ó ti di ìyá ìbejì. Takko nìkan ni làálì ń pa. Ṣé Gòggó rẹ ló fi ọ̀rọ̀ yẹn sí ọ lẹ́nu? Láti ọjọ́ tí mo wọ ilé bàbá rẹ ló ti ń sọ pé ọwọ́ mi ò mọ́, pé igbá tí mo bá fọ̀, ó gbọ́dọ̀ tún un fọ̀. Sọ fún un pé mo kí i. Má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìkòkò yẹn, mo kà á fún gbogbo ilé. Mo fo ibi tó kù. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ní, “Ọmọ mi nìyẹn.” Ìgbà wo lo gbọ́ ọ kẹ́yìn tó wí bẹ́ẹ̀? Má ba a jẹ́.

Ìyàwó tuntun ni ọ́. Ara gbogbo ìyàwó tuntun máa ń kú. Èmi náà, ní oṣù tí wọ́n gbé mi wá, mo ń kọsẹ̀ lára ewúrẹ́. Fi òrí pa á, jẹun dáadáa, má sì máa ka ara rẹ bí ẹni ń ka ẹran nínú ọgbà.

Ra abọ́ aláwọ̀ búlúù tó ní ìdérí fún mi ní ọjà Dósò. Kí ìdérí rẹ̀ má fì. Nígbà mìíràn tó o bá máa kọ̀wé, kọ èyí tí mo lè kà láì fo nǹkan kan.

Ìyá rẹ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́


Gáà Gòggó
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, Oṣù Kejì

Innà mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Làálì yín dára. Gbogbo èèyàn ló yìn ín. Gòggó ò sọ nǹkan kan sí i, èmi ni mo ronú rẹ̀ fúnra mi.

Inú mi dùn sí ọmọ màlúù funfun yẹn, inú mi sì dùn sí ẹ̀rín Bàbá.

Mò ń jókòó gan-an báyìí. Wọ́n ní ìyàwó tó jókòó dáadáa ló ń yẹ ilé. Bí mo bá dìde, orúnkún mi á yẹ̀ bí ẹni pé wọ́n yọ èdídí rẹ̀, nítorí náà mo ń jókòó. Igbá wàrà já bọ́ lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Àddá ní, “Ìtìjú ló ń mú un. Ojú ọkọ rẹ̀ ló rí.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mi ò tíì ra abọ́. Mo máa rà á.

Ọjọ́ kejìdínlógún— rárá, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni.

Awakọ̀ kò tíì lọ, ìdí nìyí tí lẹ́tà yìí fi ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ọwọ́ ìwé tí ẹ ń rí báyìí kì í ṣe tèmi. Ẹni tí ẹ mọ̀ ló ń kọ ọ́. Èmi ń sọ, òun ń kọ. Ó kọ́kọ́ ní rárá, pé báwo lòun ṣe máa kọ̀wé sí ìyá ìyàwó òun, ṣé òun ti ya wèrè ni? Mo ní bí kò bá kọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́, nítorí bírò ò dúró lọ́wọ́ mi mọ́. Ó bẹ̀ yín kí ẹ má wo ọwọ́ ìwé òun púpọ̀.

Innà, ó ti kọjá ibi tí làálì mọ. Ó ti gun orúnkún, apá mi náà sì ti kú títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹ̀yìn mi ń dùn mí lóru bí ẹni pé wọ́n ń fà á ya. Ẹ̀gún kan ti wà lẹ́sẹ̀ mi láti àná. Òun ló rí i. Ó fà á yọ, ó ń wo ojú mi, ojú mi ò yí padà. Ó bi mí pé, “Kò dùn ọ́?” Mo fẹ́ ní mo ní ìfaradà. Ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lójú mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìkòkò, ẹsẹ̀, inú rírun.

Ó ní kí n sọ fún yín pé ó lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Gòggó ní kí a dúró di ọjọ́ ọjà, bóyá á rọlẹ̀. Wọ́n ní ìyàwó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn, bí a bá gbé e jáde lórí ẹṣin báyìí, kí la fẹ́ wí fún àwọn èèyàn?

Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa wí fún àwọn èèyàn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni.

Takko


Gáréèjì Màlánfíìlì
Ọjọ́ kẹrin, Oṣù Kẹta

Takko,

Orí àpò ìrẹsì ni mo ti ń kọ èyí. Ìwé rẹ dé láàárọ̀ àná, mo kúrò nílé láàárọ̀ òní. Awakọ̀ tó gbé ìwé yìí ń sáré ju mọ́tò tí èmi wọ̀ lọ, nítorí náà yóò ṣáájú mi dé.

Mò ń bọ̀. Mo mọ̀ pé ìyá ìyàwó kì í wọ ilé ọkọ ọmọ rẹ̀. Bàbá rẹ rán mi létí rẹ̀ títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní kí ó gbé ìtìjú náà dè mí, mo máa gbà á padà tí mo bá dé.

Sọ fún Gòggó pé mi ò wá bá a jà. Kí ó wá ohun tí a ó fi gbé ọ lọ ilé ìwòsàn ńlá. Ohun tó bá ń gun òkè lára èèyàn, a kì í dúró de ọjọ́ ọjà kí a tó pàdé rẹ̀ lọ́nà.

Ọkọ rẹ, bí ó bá rí mi, kí ó kọjú sí ògiri. Èmi náà máa kọjú sí ògiri kejì. Ó mọ̀wé kọ.

Innà


Gogonù
Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Karùn-ún

Takko ọmọ mi,

Ṣé o sùn? Ṣé o jẹun? Mo délé láìsí ewu. Odò Ọya ti fà gan-an.

Àwọn èèyàn ò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n ń fi orúkọ pè mí, wọ́n ń ní, “Dáádo tó lọ jókòó sí ilé àna rẹ̀!” Mo ní ilé ìwòsàn ni mo jókòó sí, ilé ìwòsàn ò ní àna. Mo sọ bí ọkọ rẹ ṣe ń gba ojú fèrèsé na omi sí mi láìwo ojú mi, tó dà á sí mi lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìyẹn pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọ́n fi mí sílẹ̀.

Bàbá rẹ ní kí n ṣàlàyé ohun tí dókítà sọ. Mo ní ìjà ni. Ó ní ìjà ta ni? Mi ò rántí mọ́. Dókítà yẹn ń sọ̀rọ̀, ìwọ ló ń wò, èmi ojú rẹ ni mò ń wò. Kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa.

Láti ìgbà tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ, o ò tíì kọ ìlà kan. Ẹni tó ń kọjá láti Dósò wá sọ pé Àddá ń sọ lójà pé ìyàwó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọ́ ọ̀rọ̀, wọ́n á dá a padà. Ṣé lóòótọ́ ni? Gòggó rẹ jókòó tì mí lórí ẹní kan náà fún gbogbo ìgbà yẹn, a jọ ń yí ọ padà lórí ibùsùn, kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Bí ó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, bàbá rẹ ní òun máa wá mú ọ. Yàrá rẹ ṣì wà. Mo ti gbá a.

Sọ òótọ́ fún mi. Mi ò ní fo nǹkan kan mọ́.

Innà


Gáà Gòggó
Ọjọ́ kejì, Oṣù Kẹjọ, 1994

Innà mi, Bàbá mi,

Mo kí yín kú òjò. Ní tiwa, òjò ti rọ̀ dáadáa, koríko ti dé orúnkún màlúù, wàrà ti pọ̀ débi pé a ń fún ajá.

Ẹ má rò pé mo gbàgbé yín. Kí n di bírò mú ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe láti ìgbà yẹn. Mo ń wò ó bí mo ṣe ń kọ ọ́. Bí mo bá gbójú kúrò, yóò bọ́. Kò sí ẹni tó ń bá mi kọ eléyìí.

Bàbá, ohun tí dókítà obìnrin yẹn sọ nìyí, bí mo ṣe rántí rẹ̀. Ó ní adìẹ tí kò jinná yẹn ló kó kòkòrò wọ inú mi. Àwọn ọmọ ogun tó wà nínú ara gbogbo èèyàn dìde sí i, wọ́n lé e lọ. Ó yẹ kí wọ́n padà sílé. Wọn ò padà. Wọ́n rí àwọn okùn tín-ín-rín tó ń gbé ìròyìn láti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lọ sínú ọpọlọ, wọ́n ní aṣọ tó wà lára okùn yìí jọ aṣọ ọ̀tá, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya á. Okùn tó ń sọ pé nǹkan gbóná, pé ẹ̀gún gún ni, pé ẹsẹ̀ wà níbí, òun ni wọ́n bàjẹ́ jù lára mi. Èyí tó ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ náà fara gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n kò tó ti àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, ìròyìn rẹ̀ ni kò dé.

Bí ó ṣe mọ̀ ni pé ó ní kí n di ojú. Ó di ìka ẹsẹ̀ mi mú, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní, “Òkè ni àbí ìsàlẹ̀?” Mo ní òkè. Innà, ẹ rántí bí Gòggó ṣe sọ “Ha!”? Ìsàlẹ̀ ni. Ó fi òòlù kékeré gbá orúnkún mi, orúnkún ò mi. Ó ní kí n dìde kí n di ojú, mo ṣubú lé e lórí.

Mo bi í nípa làálì. Ẹ̀rín pa á. Ó ní àìsàn yìí, okùn tó gùn jù ló máa ń kọ́kọ́ mú, ìdí nìyẹn tó fi ń ti ìka bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà sì ni a ń kun làálì sí. Mo ní kí ó tún un sọ kí Gòggó gbọ́. Ó tún un sọ. Gòggó ní, “Mi ò sọ pé làálì ni,” wọ́n sì wo òkè àjà.

Kò sí oògùn tó máa mú àwọn ọmọ ogun yẹn padà kíákíá ní ibi tí a wà. Wọ́n ń ṣọ́ èémí mi, láàárọ̀ àti lálẹ́, nítorí bí ó bá gun àyà, èèyàn ò ní lè mí. Ẹ̀yin náà mọ ìyẹn, ẹ wà níbẹ̀. Ó dúró ní abẹ́ àyà. Dókítà ní bí a bá dúró de ọjọ́ ọjà, òun ò mọ ohun tí òun ì bá wí.

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ nípa ọ̀rọ̀ Àddá. Ó sọ ọ́. Mo wà lẹ́yìn ògiri, mo gbọ́. Ó ní, “Ìyàwó tí kò mọ̀ bóyá iná ń jó o, kí la fẹ́ fi ṣe?” Gòggó ń fún wàrà lọ́wọ́, wọn ò dúró. Wọ́n ní, “Bó bá jẹ́ màlúù ni, ǹ bá ti tà á. Ọmọ àbúrò mi ni. Kò lọ́jà.” Àddá ní òun ò fi inú burúkú sọ ọ́. Gòggó ní, “Mo mọ̀. Gbé igbá yẹn wá.”

Ìyìn ti kúrò lórí mi, Innà. Nígbà tí àlejò bá dé, Gòggó máa ń sọ kí wọ́n tó jókòó pé, “Ìyàwó wa ò mọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ kó igbá kúrò lọ́nà.” Ojú ń tì mí nígbà àkọ́kọ́. Mo rò pé màá sunkún. Mi ò sunkún. Wọ́n kàn kó igbá kúrò lọ́nà ni, mo sì kọjá.

Ohun mìíràn tún yí padà. Gòggó ti ní ẹnikẹ́ni tí nǹkan bá ń dùn nínú ilé yìí kí ó ké. Àwọn ọmọ Àddá gbọ́, gáà wa ò sì gbádùn mọ́. Ẹ̀gún gún ọ̀kan, ó ké. Ewúrẹ́ tẹ ìkejì, ó ké. Ìkẹta ké nítorí pé ohunkóhun ò ṣe é. Láná Gòggó di etí, wọ́n ní, “Ọlọ́run, ta ló rán mi níṣẹ́?” Ṣùgbọ́n wọn ò ní kí wọ́n dákẹ́.

Bàbá, ẹ má wá mú mi. Mo dúpẹ́ pé ẹ fẹ́ wá. Mi ò lè gbé ìkòkò, mi ò lè mọ̀ bí wàrà bá gbóná tó láti kan. Gòggó ló ń fi ìka wọn wò ó fún mi, èmi ń rò ó. Mò ń fi ọ̀pá rìn. Síbẹ̀ ibí ni mo fẹ́ wà. Mi ò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí rí, ẹ kà á pẹ̀lú sùúrù.

Dókítà ní okùn yìí máa ń hù padà, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀. Ó ní òpin ìka lè má padà rárá. Orúnkún mi ti padà. Àtẹ́lẹwọ́ mi náà ti ń padà. Bí mo bá fi kan irun ewúrẹ́, mo mọ̀ pé nǹkan ni.

Láràárọ̀, kí ó tó kó màlúù jáde, ẹni tí ẹ mọ̀ máa ń mú ìyẹ́ awó. Mo máa di ojú, yóò fi ìyẹ́ náà kan ẹsẹ̀ mi níbì kan, yóò ní, “Níbo?” Èmi á sọ ibi tó wà. Dókítà ló kọ́ ọ. Bí mo bá gbà á, inú rẹ̀ máa ń dùn lọ́nà tí kò ní lè fi pamọ́. Títí ilẹ̀ fi ṣú ni yóò máa súfèé fún àwọn màlúù.

Mo ti mọ ọgbọ́n kan tí òun ò mọ̀. Bí ìyẹ́ náà bá ti kan ara mi, ó máa ń dá èémí dúró. Mo lè gbọ́ ọ. Mo lè fi ìyẹn mọ̀ pé ó ti kàn mí, kí n sì ní mo mọ̀ ọ́n lára. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí ìka ẹsẹ̀ ló ń wá, ó sì ń wá a kíkankíkan.

Láàárọ̀ yìí, mo di ojú. Ó dá èémí dúró.

Mo ní, “Rárá. Kò tíì dé ibẹ̀.”

Ó ní, “Ó dáa.” Mo gbọ́ nígbà tó fi ìyẹ́ náà há inú koríko òrùlé, ó sì pe àwọn màlúù rẹ̀.

Èmi Takko, ọmọ yín